Ibi Tí Ìyá Mi Ń Lọ Lọ́jọ́ Àìkú

Ìyá mi ń lé tìróò níwájú dígí, èmi náà sì ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìn ìwé tí mo gbé dání. Ó lé ti ojú ọ̀tún, ó lé ti òsì, ó wá fín lọ́fínńdà díẹ̀ sábẹ́ hìjáàbù rẹ̀. Mo bi ara mi pé, ta ló ń fín lọ́fínńdà lọ síbi àsàlátù?

"Màmá, àsàlátù náà ni?"

"Ibo ni mo tún ń lọ lọ́jọ́ Àìkú?" ni ìyá mi fi dá mi lóhùn. "Bu oúnjẹ fún àwọn àbúrò rẹ, kí o sì kàwé. Wáẹ́kì ò mọ ojú ẹnikẹ́ni o."

Mo béèrè ọ̀rọ̀, ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn. Mo fi í sínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni èmi Hàmdálàt nígbà náà, ọ̀rọ̀ kì í sì í kọjá lójú mi kí n má tọ pinpin rẹ̀. Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, èmi ni mo máa ń mú ẹni tó jẹ ẹ́. Ọlọ́pàá inú ilé ni bàbá mi ń pè mí, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé pańsá ò fura, pańsá jáná; àjà ò fura, àjà jìn. Èmi ò ní jìn ní tèmi.

Fegge ni a ń gbé ní Onitsha, yàrá méjì fún ènìyàn méje. Bàbá mi ń ta awọ fún àwọn tó ń rán bàtà, ìyá mi ń ta hìjáàbù àti ìborùn. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjà a máa tì nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́jà ń lọ. Àwa Mùsùlùmí tí a ti ilẹ̀ Yorùbá wá náà a sì sinmi tipátipá. Ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin wa fi ń ṣe àsàlátù ní Woliwo. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bàbá mi ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Kánò, ó lọ ra ọjà.

Kò ju wákàtí kan lọ tí ìyá mi jáde tí fóònù rẹ̀ fi dún lórí ibùsùn. Ó ti gbàgbé rẹ̀. Bàbá mi ló ń pè é. Mo sọ fún un pé Màmá wà ní àsàlátù, mo sì ní màá gbé fóònù náà lọ bá a níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé Woliwo, Ìyá Muadh tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ló kọ́kọ́ rí mi. Mo béèrè Màmá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá rẹ kẹ̀?" ni ó wí, ojú rẹ̀ sì là sí i. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti rí i níbí kẹ́yìn. Ó ní ara Sùmáyyà ò yá."

Sùmáyyà, àbúrò mi kékeré, ni mo fi sílẹ̀ nílé tó ń fo okùn! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Muadh, mo sáré lọ bá oníkẹ̀kẹ́ tó máa ń gbé wa ládùúgbò. Èdè Igbo ni mo fi bi í, nítorí pé Igbo yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó ní òun gbé ìyá mi lọ sétí odò, àti pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni òun ń gbé e lọ. Mo ní kó gbé èmi náà lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja tà ni ó já mi sí. Mo rí ẹ̀yìn ìyá mi. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì rẹ̀, àwo méjì, igo dúdú méjì. Ọkùnrin kan tẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ń bá a sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kí ìyá mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nílé.

Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ láàárín wa. Mi ò gbé ẹyọ kan. Fóònù ìyá mi fúnra rẹ̀ ni mo fi ya fọ́tò náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí bàbá mi lórí Wáàsáàpù: "Bàbá, èmi Hàmdálàt ni. Màmá ò lọ àsàlátù. Ẹ wo ohun tí mo rí." Inú mi ń dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọlọ́pàá ti mú ọ̀daràn.

Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ohun tí bàbá mi lè dá gbé lọ. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Bàbá Muadh, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé kó bá òun wo ọkùnrin náà bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ìyá Muadh rí i lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì tàn án ká. Nígbà tí ìyá mi fi dé ọjà lọ́jọ́ Ajé, àwọn obìnrin àsàlátù ti ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá kí wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ sókè pé, "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn kan kì í fẹ́ bá wa rìn, wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń bá rìn."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Upper Iweka, láìra awọ kankan. Kò tilẹ̀ jókòó tó fi gbé fọ́tò náà síwájú ìyá mi.

"Ta ni ọkùnrin yìí?"

"Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà níbẹ̀ ni."

"Ta ló ni igo kejì?"

"Èmi náà ni mo ni ín," ni ìyá mi wí. "Máàtì ni, kì í ṣe ọtí. Bàbá Hàmdálàt, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń jẹun tí ojú ọmọ ń bá mi jẹ ẹ́. Bí mo bá mú ẹran, ọwọ́ kan á nà. Mo kàn fẹ́ jẹ ẹja gbígbóná láìdìde ni, kí n máa wo omi, kí ẹnikẹ́ni má pe Màmá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ọkùnrin mẹ́ta ló wá jókòó tì mí, wọ́n ní obìnrin kì í dá jókòó lásán. Látìgbà náà ni mo ti ń ra máàtì méjì, tí mo sì ń gba àwo méjì, kí wọ́n lè rò pé ọkọ mi ń bọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀ bá gbà?"

Bàbá mi ti fóònù náà bọ àpò.

"Mo jẹ̀bi irọ́ o," ni ìyá mi tún wí. "Kò yẹ kí n fi àsàlátù bojú. Ṣùgbọ́n irọ́ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Bàbá mi ní kí gbogbo wa dìde, a lọ sétí odò náà. Obìnrin tó ni ibẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Oga, so na you be the husband? Madam dey come alone every Sunday. She go say you dey come. You never come one day!"

Bàbá mi wo ilẹ̀. Ìtìjú mú un, ó mú èmi náà ju ti rẹ̀ lọ.

Ìyá mi ò nà mí. Ìbá ti sàn kó nà mí. Nígbà tí a délé, ó kàn bi mí pé, "Hàmdálàt, níbi tí o dúró sí yẹn, ṣé o ò lè pè mí ni?" Ẹkún ni mo fi dáhùn. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èmi ni mo sọ òkò, ìyá mi ló bà.

Bàbá mi bẹ ìyá mi. Ó pe àwọn tó ti rí fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n ń wí pé, "Alhamdulilahi," wọn ò sì pa fọ́tò rẹ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ìyá mi ò fi jáde lọ́jọ́ Àìkú. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ, pé èmi máa se oúnjẹ, á ní, "Níbo? Ibo ni wọn ò ti ní máa ka àga ẹ̀gbẹ́ mi?"

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún náà, lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wọ aṣọ, ó dúró láàárín ilé, ó ní, "Bàbá Hàmdálàt, mò ń jáde o. Èmi nìkan."

"Ó dàbọ̀," ni bàbá mi wí. "Gbádùn ara rẹ."

Inú mi dùn débi pé mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Muadh wà ní ìta tó ń sá aṣọ. Ó dúró títí ìyá mi fi wọ kẹ̀kẹ́, ó wá súnmọ́ mi.

"Hàmdálàt, ta ló ń dúró de ìyá rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó ń dúró dè wọ́n, mà. Àwọn nìkan ló ń lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká. "Ọmọ dáadáa. Bó ṣe yẹ kí ọmọ máa bo àṣírí ìyá rẹ̀ nìyẹn."

Òtítọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà, kò gbà á gbọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni mo fi ránṣẹ́ nígbà kan, gbogbo wọn ló gbà á. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ojú yín bá rí ohun tó rú yín lójú, ẹ fi ẹsẹ̀ yín dé ibẹ̀, kí ẹ fi ẹnu yín béèrè, kí ẹ tó fi ìka tẹ fóònù.