Òṣùmàrè Yí Gílóòbù Ká

Bí wọ́n bá ń fi ojú joyè, atúnaagoṣe tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ojú Àwòdì ì bá ti gorí ìtẹ́ tipẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó káwọ́ lé ìbàdí, ó ń sọ fún atúnbàtàṣe tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara kan ògiri kan ṣoṣo pé ọjọ́ tí òun bá fi awò sójú, kí wọ́n lọ wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á rí alángbá tó wọ ṣòkòtò. Ó ní bí kòkòrò bá ń rìn nínú aago, òun á rí i, òun á sì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo.

Atúnbàtàṣe, ẹni tí kì í gbọ́ irọ́ kó má yẹ̀ ẹ́ wò, bi í pé kí ló dé tó fi ń fi ìpara pa iwájú orí láti àárọ̀. Ojú Àwòdì ní oòrùn ni. Òjò ń ṣú lọ́wọ́ nígbà náà.

Ibi tí wọ́n dúró sí yìí ló ti rí i. Obìnrin kan ń bọ̀ láti òdìkejì títì, ó gbé agboòrùn pupa lé èjìká, ó ń fo àwọn kòtò olómi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé tó ń ṣeré, bẹ́ẹ̀ kò sì lè dín ní ogójì ọdún. Ojú Àwòdì gbàgbé ẹ̀fọ́rí. Ó gbàgbé atúnbàtàṣe. Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni: bí obìnrin náà ti ń súnmọ́ ọn ló ń parẹ́. Ní òdìkejì títì, ó rí yẹtí etí rẹ̀. Láàárín títì, ó rí ẹ̀rín ẹnu rẹ̀. Nígbà tó fi dé iwájú tábìlì, ohùn dídùn kan nínú kùrukùru ló kù.

Ohùn náà ní aago ọwọ́ bàbá òun ni, kò rìn mọ́. Ojú Àwòdì gbà á, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ìka ló fi wá gbogbo ohun tó wà nínú aago náà kàn, nítorí bó bá ti tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ìṣó kan igun ojú rẹ̀ ọ̀tún mọ́ àárín orí. Ó sáà rí i pé aago ọ̀hún kò ní gíláàsì. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ó fi gíláàsì tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ó nù ún títí ó fi ń dán.

Obìnrin náà dé. Ó fi àtàǹpàkò ra gíláàsì náà.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ fi èyí sí i?”

“Èmi ni. Ẹ̀bùn ni. Mo rí i pé ó ti fọ́ dànù.”

“Kò fọ́. Àwa la yọ ọ́. Bàbá mi ò ríran. Ìka ló fi ń wo aago.”

Ìtìjú gun Ojú Àwòdì láti àtẹ́lẹsẹ̀, ó yà ní orúnkún, ó sinmi díẹ̀ nínú ikùn, ó wá jókòó sí ojú. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí obìnrin náà jẹ́ kí òun wá yọ gíláàsì náà nílé wọn, kí òun lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Obìnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe di àlejò ilé Bàbá Dẹ́rẹ́bà, bàbá obìnrin náà, ẹni tó fi ọdún méjìlélógún wa ọkọ̀ akẹ́rù kí ojú tó lọ. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀. Ojú Àwòdì á gbé aago mẹ́rin wá lẹ́ẹ̀kan, bàbá á fetí sí i, á sọ èyí tó ń yá àti èyí tó ń ṣọ̀lẹ. Obìnrin náà ń jókòó tì wọ́n, ó ń fi atúnaagoṣe ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kò tíì rí ọkùnrin tó ní aago tó ọgọ́ta ní ṣọ́ọ̀bù tó sì ń pẹ́ débi gbogbo. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, “ẹyinjú mi” ni Ojú Àwòdì ń pè é, òun náà sì ń pe atúnaagoṣe ní “ọkọ aago”, á ní aago ni ìyáálé òun, tí òun bá ti rí àyè, òun á gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olùyẹjú ni obìnrin yìí. Ilé ìwòsàn ojú ló ti ń ṣiṣẹ́, imú rẹ̀ sì gbọ́ òórùn ìpara. Ó bi í léèrè ibi tó ń dùn ún. Ojú Àwòdì ní oòrùn ni. Ọjọ́ kejì ó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ni. Ọjọ́ kẹta ó ní ibi tí òun sùn sí ni.

Olùyẹjú gbé àga súnmọ́ ọn, ó ní orí àti ojú kò ṣeé bá jà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n, bí ọ̀kan bá pariwo, ká tún bi èkejì wò. Ó ṣàlàyé pé ti ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ tẹjú mọ́ nǹkan kékeré, tí iwájú orí wá ń fọ́, tó sì ń rọlẹ̀ bó bá sinmi, awò ojú sábà máa ń yanjú rẹ̀. Ó ní túúlu wà, tó máa ń gbá ẹ̀gbẹ́ orí kan, tí ìmọ́lẹ̀ á di ọ̀tá. Ó ní ọ̀fìnkìn tó bá há sẹ́yìn imú náà lè máa ti ojú láti inú. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá pọ́n, tó ń dùn wọ inú orí, tí ìríran ṣú, tẹ́ ẹ ń bì, tẹ́ ẹ wá rí òṣùmàrè yí gílóòbù ká, ẹ má sùn tì í. Omi inú ojú ló há, agbára rẹ̀ ló ń ga sí i. Wákàtí díẹ̀ lè mú ojú lọ. Ẹ gbọ́?”

“Mo ti gbọ́, dókítà mi.”

Ohun tí kò sọ ni pé òun ti rí òṣùmàrè yẹn lẹ́ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà àkọ́kọ́, ó rò pé ìdọ̀tí ni. Ó gun àga, ó nu gílóòbù.

Olùyẹjú kò gbà, ó ní àfi kó wá ṣe àyẹ̀wò. Kí wá ni alágbára ọkùnrin yìí ṣe? Ó tètè dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì kọjá ṣáájú rẹ̀, gbogbo èèyàn ń yìn ín pé ó lójú àánú. Kò sí àánú kankan níbẹ̀. Páálí ìkàwé tí wọ́n fi ń dán ojú wò ló ń há sórí láti ẹnu àwọn tó wà nínú yàrá. Nígbà tó fi kàn án, ó ti mọ̀ ọ́n ju orúkọ ìyá rẹ̀ lọ.

Olùyẹjú na ọwọ́ sórí tábìlì láìwo ibẹ̀, nítorí ojú olólùfẹ́ rẹ̀ ló ń wò, ó fún un ní ìwé. Ojú Àwòdì gbé e sókè, ó húkọ́ díẹ̀.

“Ọmọ ewúrẹ́ kan já okùn, ó sá wọ inú ọgbà ilé ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì lé e títí, wọn kò bá a…”

Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti mú ewúrẹ́ náà, ó tilẹ̀ mú ohùn rọ̀, kí àánú ẹran náà lè ṣe wọ́n. Ìyá tó ń gba káàdì, tó wọlé wá mú nǹkan, bẹjú wo ìwé náà láti ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ìwé àwọn tó máa fọ ilé ìyàgbẹ́ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn o. Ewo ni ewúrẹ́ nínú wọn?”

Ẹ̀rín bú láti orí bẹ́ǹṣì. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Olùyẹjú gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po dáadáa bí ẹni pé ó níye lórí.

“Ẹ parọ́ fún mi.”

“Kì í ṣe tìẹ, ẹyinjú mi. Iṣẹ́ mi ni mò ń rò. Ta ló máa gbé aago fún afọ́jú?”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó rántí ẹni tó bí obìnrin tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ì bá gbé e mì padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í ṣe itọ́.

“Afọ́jú ti gbé aago fún yín rí,” ni olùyẹjú wí. “Ó dára. Ẹ máa lọ sílé.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ojú Àwòdì fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó dà bíi pé ewúrẹ́ ló kún ẹnu gbogbo ayé. Kò lọ bẹ olùyẹjú, ó ní ẹsẹ̀ wo lòun fẹ́ gbé lọ?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹwàá, bí ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀, òṣùmàrè yọ. Kò lọ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìrora gba ojú ọ̀tún wọlé, ó já sínú orí, ó sì dé ikùn. Ojú Àwòdì gbá korobá mú, ó bì, ó tún bì. Nígbà tó gbójú sókè, gílóòbù ti di òṣùpá nínú èéfín.

Ó mọ ohun tó jẹ́. Ìyẹn ló burú jù. Obìnrin náà ti kà á sí i létí bí ẹni ka àdúrà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé ìwòsàn gba iwájú bẹ́ǹṣì yẹn, ó sì gba iwájú ìyá tó ń gba káàdì. Ìtìjú bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́: sùn sílẹ̀, fi ìpara ra á, tó bá di àárọ̀ á ti lọ. Ó sùn sílẹ̀ lóòótọ́, lórí ilẹ̀, fún ìwọ̀n ìgbà tí aago ọgọ́ta fi lù ú létí pé wákàtí ń lọ. Ó wá fi ìkúùkù gbá ògiri.

Atúnbàtàṣe sáré wọlé.

“Mi ò ríran,” ni Ojú Àwòdì wí. “Ó ti tó ọdún méjì tí mi ò rí nǹkan tó wà nítòsí. Irọ́ ni mò ń pa. Mú mi lọ.”

Ó ń retí yẹ̀yẹ́. Atúnbàtàṣe kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bàtà oníbàárà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi débẹ̀.

Ilé ìwòsàn ń palẹ̀ mọ́. Bẹ́ǹṣì ṣì kún. Ojú Àwòdì, tó gbá korobá mọ́ra bí ọmọ ọwọ́, dúró láàárín wọn.

“Ìyá, èmi ni mo ka ewúrẹ́ sínú ìwé ilé ìyàgbẹ́. Ojú mi ń kú lọ. Mo ti ń rí òṣùmàrè tipẹ́, mi ò sọ fún olùyẹjú.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn ṣí, ọwọ́ kan di ìgúnpá rẹ̀ mú, ó mọ ọwọ́ náà láìríran. Wọ́n kán oògùn sí i lójú, wọ́n fún un ní èyí tó gbé mì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí ìrora rọlẹ̀, dókítà àgbà ilé ìwòsàn náà fi ìtànṣán iná lu ihò tíńtín sí ara awọ aláwọ̀ inú ojú, kí omi tó há lè rọ́nà kọjá. Ó ṣe ti òsì náà, nítorí bí ọ̀kan ti rí ni èkejì ń rí bọ̀. Dókítà ní ká ní ó sùn tì í mọ́jú ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn olùyẹjú ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé pérépéré, kò sì bá a sọ ju iṣẹ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ojú Àwòdì dé ilé Bàbá Dẹ́rẹ́bà pẹ̀lú awò tó nípọn, ojú rẹ̀ wá tóbi nínú rẹ̀ bíi ti òwìwí. Atúnbàtàṣe tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ẹbí. Olùyẹjú jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó dúró nítòsí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò parẹ́. Ojú Àwòdì rí àpá kékeré kan ní àgbọ̀n rẹ̀, ó rí ewú mẹ́ta lẹ́bàá etí, ó rí i pé obìnrin yìí kò sùn dáadáa. Kò mọ̀ pé nǹkan tó lẹ́wà tó báyìí ti ń jókòó ti òun láti oṣù mẹ́ta.

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún bàbá, títí kan ọ̀rọ̀ afọ́jú. Olùyẹjú ní òun ti dárí ji aláìsàn, ọkọ ni òun kò tíì mọ̀. Ó ní ìṣojú òun ni ojú bàbá òun ṣe lọ lójijì, láìsí ìkìlọ̀ kankan, nítorí ìyẹn lòun ṣe kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹni tí Ọlọ́run wá fún ní ìkìlọ̀, tó lọ ń kọ́ ewúrẹ́ sórí, báwo lòun ṣe fẹ́ gbà á gbọ́?

Bàbá Dẹ́rẹ́bà yí orí síbi tí ohùn rẹ̀ ti wá.

“Kò lọ lójijì.”

“Bàbá?”

“Ọdún kan gbáko ni orí àti ojú fi dùn mí. Mò ń rí òṣùmàrè lára iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, mò ń gbé ẹrù lọ. Mo mọ páálí àyẹ̀wò ojú awakọ̀ lórí látòkè délẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ. Nígbà tó fọ́ tán, ojú wá ń tì mí láti sọ fún ọ pé mo mọ̀.” Ó fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀. “Bó bá jẹ́ irọ́ yẹn lo fẹ́ torí ẹ̀ lé e, kọ́kọ́ mú èmi dé ẹnu ọ̀nà.”

Olùyẹjú kúnlẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀, ó sunkún ọdún méjìlá tí ojú bàbá ti fọ́. Bàbá náà ń sunkún. Ojú Àwòdì yọ awò, kò rí áńkáṣíìfù rẹ̀ mọ́, ó fi etí kọ́tìnì nujú. Atúnbàtàṣe, tí ọ̀rọ̀ kò kàn rárá, ló ń ké jù.

Nígbà tó yá, olùyẹjú gbé orí sókè.

“Láràárọ̀, ẹ ó máa sọ ibi tó ń dùn yín fún mi kí n tó béèrè.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“Orúnkún mi òsì náà máa ń—”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìgbéyàwó ná.”

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń wo ara wọn lójú, atúnbàtàṣe tún bú sẹ́kún.

“Ìrẹsì ti jó,” ni Bàbá Dẹ́rẹ́bà wí.