Dúrọ́ọ̀ Keje

Àpótí ni Moróunkẹ́ kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó ń sá tẹ̀lé e. Àpótí irinṣẹ́ pupa kan ni, onídúrọ́ọ̀ méje, ó ga dé àyà ènìyàn, ó sì ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí bọ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní àdúgbò Challenge bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ kíákíá. Ọkùnrin náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì rẹ̀ ti fò sí èjìká. Ó nawọ́ títí, ọwọ́ rẹ̀ kò tó àpótí.

Moróunkẹ́ kò pariwo. Ó he òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó fi há táyà iwájú, ó sì fi ẹ̀yìn ti àpótí náà títí tó fi dúró.

"Ẹ ṣeun gan-an ni," ọkùnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Búréèkì ẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá rà á."

"Èmi lẹni tó ń bọ̀ wá rà á."

Ọkùnrin náà wò ó láti orí bàtà dé lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà nínú irun rẹ̀, ẹ̀rín sì pa á. Moróunkẹ́ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ó bá mi yọ ti búréèkì kúrò nínú iye tí ẹ pè é," ló wí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Moróunkẹ́. Nínú gáréèjì ilé ìyá rẹ̀ ní Bódìjà ló ti ń kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ti tẹ ìṣó lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. "Tí mo bá tẹ ẹ̀kẹta," ni màmá wí, "ìwọ àti pákó rẹ yóò wá ilé míì gbà." Ìdí nìyẹn tó fi ń wá àpótí tó lè kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sí.

Orúkọ ọkùnrin yìí ni Ọpẹ́mipọ̀ Adégbìtẹ́. Tíṣà físíìsì ni ní ilé ìwé kan ní Òkè-Àdó. Bàbá rẹ̀, mẹkáníìkì tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ló ni àpótí náà, ó sì ti ṣaláìsí láti èṣí. Ìyá rẹ̀ ní kó tà á fún ẹni tó máa fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó máa kó bàtà sí i.

Wọ́n ná an, wọ́n gbà. Gbogbo dúrọ́ọ̀ ló ṣí, àfi ìkeje tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Kọ́kọ́rọ́ èyí ńkọ́?" Moróunkẹ́ béèrè.

"Màá wá a. Tí mo bá ti rí i, màá mú un wá fún yín nílé."

Ẹ̀yin tèmi, irọ́ ni. Inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà níbi tó dúró sí yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bínú sí i. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́fà kó gba fírídọ̀mù, ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń gbàdúrà lé ọmọṣẹ́ lórí, tó sì máa fún un ní sátífíkéètì níṣojú ẹgbẹ́, ló gba yunifásítì lọ. Bàbá kò bá a jà. Ó kàn dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà títí tó fi kú.

Gbogbo ọmọṣẹ́ ló sì mọ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ keje. Ibẹ̀ ni bàbá ń kó ìwé àdéhùn àwọn tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sí, tó bá ti fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ lórí orúkọ wọn. Ó dá Ọpẹ́mipọ̀ lójú pé tòun náà wà níbẹ̀. Kò láyà láti ṣí i, kò sì lè ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan wá sí Bódìjà. Ti agádágodo ni. Ní Sátidé kejì, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀ ló mú dání, ó sì tún búréèkì àpótí ṣe kó tó lọ. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ìyá Moróunkẹ́ ti ń se ìrẹsì kún ti tẹ́lẹ̀.

"Tíṣà, kọ́kọ́rọ́ ilé ta lẹ tún jí wá lónìí?" màmá béèrè.

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀. Mo ń wá a ni."

Láàárín Ọpẹ́mipọ̀ àti Moróunkẹ́, "ẹ" ti di "o". Ó máa ń bá Moróunkẹ́ di pákó mú, Moróunkẹ́ á máa rẹ́ ẹ.

"Dì í mú dáadáa, Tíṣà. Ojú mi kọ́ ni pákó wà."

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Ibi tó dára ni ojú mi wà."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Moróunkẹ́ yọ dúrọ́ọ̀ kẹfà kúrò pátápátá kó lè fi gírísì sí irin rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láti òkè ibẹ̀ ló ti rí inú ìkeje kedere: àwọn ìwé tí wọ́n fi bírò pupa fàlà sí, àti lórí gbogbo wọn, sátífíkéètì kan tí fọ́tò ọmọkùnrin tínínrín wà lára rẹ̀. Etí Ọpẹ́mipọ̀ ni etí ọmọ náà, orúkọ rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀.

Moróunkẹ́ rò pé sátífíkéètì tí Ọpẹ́mipọ̀ ti gbà ni, tó gbàgbé síbẹ̀. Ó yẹ kó pè é lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí dúrọ́ọ̀ bá ṣí, kí ni Tíṣà máa tún wá ṣe ní Bódìjà? Ó dá dúrọ́ọ̀ kẹfà padà, ó sì panu mọ́. Sátidé méjì kọjá.

Ní ẹ̀kẹta, bí wọ́n ṣe jókòó lórí pákó, Ọpẹ́mipọ̀ la ọkàn rẹ̀ fún un. "Bàbá mi bínú sí mi wọ inú sàárè," ló wí. "Mi ò gba fírídọ̀mù. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń retí kó pè mí. Kò pè mí."

Ìgbà yẹn ló yé Moróunkẹ́ pé Ọpẹ́mipọ̀ kò rí sátífíkéètì yẹn rí. Ohun tó lè mú ọkùnrin yìí sun oorun àsùnwọra ló ti jókòó lé fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, nítorí pé ó fẹ́ máa rí i. Ojú tì í gidigidi.

"Ọpẹ́, mo ti rí inú ẹ̀. Mi ò já a o, mo yọ ìkẹfà ni. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ. Mo rò pé tó bá ṣí, o ò ní wá mọ́."

Ọpẹ́mipọ̀ dìde kúrò lórí pákó. Moróunkẹ́ rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọpẹ́mipọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kékeré kan jáde.

"Láti ọjọ́ tó o fi òkúta gbà mí ló ti wà lọ́wọ́ mi," ló wí. "Àwa méjèèjì la jọ purọ́. Bá mi ṣí i."

"Ìwọ ni kó o ṣí i, ìfẹ́ mi. Mo wà níbí."

Ó ṣí i. Ìwé àdéhùn rẹ̀ wà lábẹ́ sátífíkéètì, wọ́n fi pín-ìn-nì mú wọn pọ̀, kò sì sí ìlà pupa kankan lórí orúkọ rẹ̀. Ọdún tó lọ sí yunifásítì gan-an ni bàbá fọwọ́ sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fọwọ́ sí, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin: Kó wá gbà á.

Ọpẹ́mipọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín mọ́ ẹkún náà. "Ó ń retí kí n wá," ló wí. "Èmi náà ń retí kó pè mí." Ó mí kanlẹ̀. Ẹrù tó ti gbé fún ọdún mẹ́wàá kúrò lórí rẹ̀, ara rẹ̀ sì fúyẹ́.

Ó di ọwọ́ Moróunkẹ́ mú, tòun ti lẹ́búlẹ́bú pákó. "Mi ò ní retí kí ẹnikẹ́ni pè mí mọ́. Moróunkẹ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Àbí àpótí lo fẹ́ fi ọgbọ́n gbà padà?"

"Àpótí ti di tìẹ. Mo kàn fẹ́ máa gbé ibi tó bá wà ni."

"Mo gbà," ni Moróunkẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá máa di pákó mú o."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìyá Ọpẹ́mipọ̀ wá sí Bódìjà. Ó gba sátífíkéètì, ó wò ó títí, ó sì ní ọkọ òun kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu òun ṣì wà, òun ló máa gba àdúrà fírídọ̀mù náà. Ọpẹ́mipọ̀ ti fẹ́ kúnlẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ nawọ́ sí Moróunkẹ́. "Ìyàwó mi, wá kúnlẹ̀ tì í. Àdúrà yìí máa kárí ẹ̀yin méjèèjì."

"Ẹ dúró ná," ni ìyá Moróunkẹ́ wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ gáréèjì náà láti igun kan dé èkejì. Kò rí ìṣó kankan.

"Ó yá," ló wí. "Ẹ kúnlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi."