Orúnkún tó Kọ Ọ̀nà Ìkìrun

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí. Inisa ló ti ṣẹlẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó ṣojú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń tètè gba nǹkan gbọ́.

Dùnsìn, tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ n'Íbàdàn, ló ṣe àmúró fún orúnkún bàbá rẹ̀. Àpò rọ́bà ni, ó po sítáàṣì àgbàdo mọ́ òróró sínú rẹ̀. Bí iná bátìrì bá wọ inú àpò náà, àwọn ẹyọ sítáàṣì á tò tẹ̀lé ara wọn, àpò á le, á gbé orúnkún ró. Bí iná bá kúrò, á rọ̀ bí ògì. Kò sí idán níbẹ̀.

Ìdúpẹ́ bàbá náà, Bàbá Akínyẹlé, di ọ̀la, ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn n'Íkìrun. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, gbígbé ni wọ́n ń gbé e wọlé bí ẹrù. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ òun ni òun yóò fi wọlé.

Wọ́n bọ́ sí etí títì láti dán an wò. Bàbá wọ sùtánà, kò wọ bàtà. Dùnsìn tan iná. Bàbá kọjú sí ọ̀nà Ìkìrun, orúnkún yẹ̀. Ọmọ dì í mú.

"Iná ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ yín wọlẹ̀. Ẹ wọ bàtà, Bàbá."

"Pẹ̀lú sùtánà? Ṣé kí wọ́n lé mi jáde ni?"

Dùnsìn mí kanlẹ̀. Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó tún wáyà so. Àpò rọ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú u pátápátá. Ó yọ bátìrì, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, lápá Òkukù.

Bàbá yí padà. Àpò le.

Dùnsìn tẹ̀ ẹ́ wò. Bí òkúta. Bátìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ yí padà sí Ìkìrun."

Ó rọ̀.

"Ẹ tún yí."

Ó le. Ìró kan wà nínú rẹ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìgbà tí iyanrìn ń ṣàn.

"O ti tún un ṣe!" Bàbá ń rẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà mi!"

"Bàbá, n kò ṣe nǹkan kan!"

Bàbá gbé ẹsẹ̀. Ó tún gbé òmíràn. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Kò yà.

"Bàbá, ilé rèé. Ẹ dúró."

"Mo fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ ni kò gbà."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Dùnsìn sáré bá a, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn àmúró náà. Àpò já bọ́ sórí ọ̀dà. Ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀.

Bàbá ṣì ń lọ.