Ohun Tó Wà Lára Àgbá

Sàúdátù ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó da yanrìn àti eérú sórí àkísà tútù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara àgbá onípáànù kan. Ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ yẹn fún un. Òun nìkan ni baba rẹ̀, Sàlíhù, ní kó ṣe àgbá yìí látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ṣọ́ọ̀bù Sàlíhù wà létí ọ̀nà ní Pápá Àjàó. Lọ́dún 1957 tí à ń wí yìí, ìró òòlù kì í dákẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Àwọn oníṣẹ́ páànù àdúgbò náà ló ń sọ àgbá tí àwọn ilé iṣẹ́ ti lò tì di àgbá omi. Wọn á gé orí rẹ̀ kúrò, wọn á ki koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, wọn á sun ún títí ara rẹ̀ á fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi yanrìn àti eérú ha á. Ìbáà jẹ́ epo pupa, ìbáà jẹ́ kẹrosíìnì ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, iná á gbé e lọ.

Bí ìdọ̀tí ṣe ń ṣí, àwòrán kan tí iná ò jó tán yọjú: agbárí òkú, egungun méjì dábùú ara wọn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ Sàúdátù dúró. Tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Christopher, ti ya irú rẹ̀ sójú pátákó rí. "Níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí i," ó ní, "májèlé ni." Sàúdátù ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fín sára kòkó kí kòkòrò lè kú ló wà nínú àgbá náà tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí àgbá yìí?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, l'Ọ́yìngbò. Ṣó o rí bó ṣe nípọn? Àgbá yẹn á pẹ́ jù mí lọ."

"Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé májèlé ni."

Sàlíhù bú sẹ́rìn-ín. "Àgbá tó o sun láàárọ̀ yìí? Májèlé wo ni iná ò lè jó? Yẹ̀kínnì, gbọ́ o! Tíṣà ti dé ṣọ́ọ̀bù mi!"

Yẹ̀kínnì, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà, gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra o! Tó bá dọ̀la, á ní ká fi ọṣẹ fọ òòlù ká tó kan ìṣó!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú ti Sàúdátù.

Síbẹ̀, ó mọ ohun kan tí Tíṣà Christopher alára kò mọ̀. Níbi tí ìdí àgbá ti pàdé ara rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ṣẹ́ páànù lé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, bí aránṣọ ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Inú ìṣẹ́po yẹn ni epo máa ń sá pamọ́ sí. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan àgbá tí wọ́n ti sun, tí wọ́n ti fọ̀, tí epo ṣì ń yọ níbẹ̀ bí oòrùn bá mú. Àkísà kò lè débẹ̀. Iná pàápàá kì í débẹ̀ tán.

Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wo ojú Yẹ̀kínnì tó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó tún wo àgbá náà, àgbá àkọ́kọ́ tí wọ́n á máa pè ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó bu yanrìn sí i, ó sì ha agbárí náà títí kò fi sí níbẹ̀ mọ́.

Àṣàkẹ́, ará ilé kejì wọn, ló ra àgbá náà. Ó gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò, omi òjò sì kún un lọ́jọ́ kejì. Làbákẹ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà tí Sàúdátù máa ń dirun fún, sáré wá pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

"Àǹtí Sàúdá, mi ò ní tò nídìí ẹ̀rọ omi mọ́! Ilé wa gan-an lomi wà!"

Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tán. Sàúdátù rántí ìṣẹ́po ìdí àgbá. Ó ní, "Làbákẹ́..." Ọmọ náà ní, "Hẹn?" Sàúdátù ní kò sí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹta, Làbákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ náà bì díẹ̀, ṣùgbọ́n ara àgbà gbà á.

"Gìrì ni," àwọn ìyá àdúgbò wí. "Ẹ tètè po àgbo!"

Omi àgbá yẹn ni wọ́n fi pò ó. Sàúdátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Ẹ̀rù bà á láti sọ pé òun mọ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á bi í léèrè ohun tó mú kó dákẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Dókítà bèèrè ohun tó jẹ àti ohun tó mu. Àṣàkẹ́ ní, "Ohun tí gbogbo wa ń jẹ náà ni, sà." Ọ̀sán ti pọ́n kí Sàúdátù tó wólẹ̀ níwájú baba rẹ̀, tó jẹ́wọ́. Sàlíhù kò bá a wí. Ó ju òòlù sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì sáré gba ọsibítù lọ.

Dókítà gbọ́ ọ tán, ó mi orí. "Oògùn rẹ̀ wà. Ká ní mo gbọ́ láàárọ̀ ni."

Àwọn àgbà ní bí omi bá dànù tí agbè ò fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Agbè ti fọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n sin Làbákẹ́.

Sàlíhù gé ìdí àgbá náà lójú gbogbo ènìyàn, ó la ìṣẹ́po rẹ̀. Nǹkan olóròóró kan ń yọ nínú rẹ̀, ó ń rùn fíìn. Yẹ̀kínnì kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àṣàkẹ́ sún mọ́ Sàúdátù. "Ṣé lóòótọ́ lo kà á?"

"Mo kà á, mà."

"Kó o tó ha á?"

"Kí n tó ha á."

Àṣàkẹ́ yí padà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ Sàúdátù mọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Sàúdátù jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde. Ìbéèrè kan ní kí wọ́n ya àmì májèlé, kí wọ́n sì sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó bá rí i ṣe. Ó ya agbárí, ó ya egungun méjèèjì, ó fara balẹ̀ títí ó fi gún régé. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Kí ó sọ fún àwọn ènìyàn lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín." Ìmọ̀ tí a bá dé mọ́nú kò gba ẹnikẹ́ni là, ẹ̀rín àwọn ènìyàn kì í pani, ìdákẹ́ ló ń pa ẹlòmíràn.

Máàkì rẹ̀ pé. Ohun tí ó rí gbà nídìí ìmọ̀ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.