Orúkọ Rẹ̀ Kò Sí Lẹ́yìn Ìwé

Bàtà ẹsẹ̀ kan péré ló wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Èkejì wà lábẹ́ tábìlì. Láti àárọ̀ ló ti dúró ti pátákó iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn àpérò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò sì sẹ́ni tó yà síbẹ̀ àfi ẹni tó ń béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkùnrin yìí dúró. Ó ka pátákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún padà sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé lóòótọ́ ni pé bí eku yín ò bá sùn dáadáa, àwọn ọmọ-ogun ara rẹ̀ tó ń bá àìsàn jà kì í mọ ọ̀nà inú ọpọlọ mọ́?"

"Lóòótọ́ ni, sà. Àbí ẹ ò gbà?"

"Mo gbà. Bàtà yín ni mi ò gbà. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bá yín dúró tì í."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Kí àpérò tó parí, àlejò yìí ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn tó ń kọjá bí ẹni pé òun ló ni ín.

Iṣẹ́ ọpọlọ ni obìnrin náà ń ṣe; bí ara ṣe ń bá àìsàn jà ni ọkùnrin náà ń kọ́. Obìnrin náà bá sọ ọ́ ní Ọ̀gágun, ìyẹn náà sì ń pè é ní Ọlọ́pọlọ mi. Ìfẹ́ wọn dùn, ṣùgbọ́n ọkàn obìnrin náà kò balẹ̀. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń lé, ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń fúnni nípò náà sì ń wò jù ni iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn dárúkọ iṣẹ́ ẹni nínú ìwé tiwọn. Kó tó fọ ẹnu láràárọ̀ ló ti ń yẹ iye náà wò lórí fóònù. Bí kò bá lé sí i, àyà rẹ̀ á máa já pé ayé ti gbàgbé òun.

"Ṣé ọmọ jòjòló lò ń ṣọ́ báyìí ni?" ìyá rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹnu ayé lẹbọ. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ sọ ọ́ síta pé, "Ta ló ń dárúkọ rẹ̀? Ṣebí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn méjèèjì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọ̀gágun wọ yàrá ìwádìí obìnrin náà tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìwé ìròyìn ńlá àwọn onímọ̀ ti gba iṣẹ́ tuntun tó kọ, wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

"Olólùfẹ́, kà á."

Ẹ̀yìn ni àwọn bíi ti obìnrin náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé, níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ lára wọn sí. Ó wá orúkọ tirẹ̀. Kò rí i. Ó tún un wá. Eku tí kò sùn àti ọmọ-ogun tó sọ ọ̀nà nù wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn kò sí níbẹ̀. Ó dùn ún wọ eegun.

"Ó dára," ló sọ. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ parí, ó sì mirí. "Ọkùnrin tí ò lè dárúkọ ẹ níbi iṣẹ́, ṣé iwájú bàbá ẹ̀ ló ti máa wá dárúkọ ẹ?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ọ̀gágun kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ní òun ò fẹ́ rí i.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ìyá wí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

"Torí ẹ ni mo ṣe yọ orúkọ ẹ," Ọ̀gágun ní, lórí ìdúró. "Wọ́n ní ìfẹ́ ló ń mú mi dárúkọ ẹ. Mo fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni."

"O wá pa orúkọ mi rẹ́. Ṣé o bi mí?"

"Mi ò bi ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí ipò yẹn bá bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, ọrùn mi lo máa kà á sí."

"Ẹ̀yin onímọ̀!" ìyá ké. "Ẹ mọ ohun tó wà nínú orí eku, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú orí ara yín!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà pẹ̀lú omijé. Ó béèrè bóyá ó ṣì ṣeé tún ṣe. Ọ̀gágun ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ó kọ orúkọ náà padà sáàyè rẹ̀, àmọ́ kò tíì fi ránṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró.

"Àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà ń béèrè bóyá nǹkan kan wà láàárín èmi àti ẹni tí mo dárúkọ. Tí mo bá sọ òótọ́, ìgbìmọ̀ lè má ka èyí mọ́ ọ. Wọ́n tiẹ̀ lè yọ iye ìgbà tí mo ti dárúkọ ẹ tẹ́lẹ̀ kúrò."

Ọdún gbọọrọ ni obìnrin náà ti fi ń lé ipò yìí, ó sì lè bọ́ lónìí. Síbẹ̀, ó mọ̀ pé òun ò tún lè fara mọ́ kí ẹni tí òun fẹ́ràn máa fi òun pamọ́.

"Sọ òótọ́."

"Kí ni kí n kọ? Ọ̀rẹ́?"

"Ọ̀rẹ́ kọ́."

"Alábàáṣiṣẹ́?"

Ìyá húkọ́.

"Kọ ọ́ pé ìyàwó tí o fẹ́ fẹ́ ni mí," obìnrin náà wí. "Ìyẹn tí o bá fẹ́ fẹ́ mi."

Ọ̀gágun yí àga rẹ̀ sí i. "Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Ẹ̀rù ìgbìmọ̀ yìí náà ni ò jẹ́ kí n lanu. Ṣé wàá fẹ́ mi, Ọlọ́pọlọ mi?"

"Kọ ọ́ ná, kí n rí i."

Ọ̀gágun kọ ọ́. Obìnrin náà kà á, ó tún un kà, ó wá na ọwọ́ kọjá èjìká ọkùnrin náà, ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.