Àwọn Ẹyẹ Orí Òrùlé Ìyá

Bàbá jẹun ọ̀sán tán, ó bú rédíò nítorí ìròyìn tí kò dùn mọ́ ọn nínú, ó ní kí wọ́n sún àga òun mọ́ fèrèsé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú. Kò ṣubú, kò ké. Ó kàn jókòó síbẹ̀, awò ojú rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀.

Ìyá, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Ohun tó sọ fún àwọn tó sáré dé ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe é." Ó wò wọ́n yíká, ó ní, "Ẹ̀yin ta nìyẹn?"

Hà! Kí làwọn olófòófó tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn? Obìnrin kan wà tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti tiwọn. Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ó ní ó pẹ́ tóun ti ń rí i: tílẹ̀ bá ti ń mọ́, àwọn ẹyẹ á bo òrùlé yẹn pitimu, Ìyá á jáde láìwọ bàtà, á sì máa bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀ ń pè é ní ẹyẹ?" ni Rédíò wí. "Ẹgbẹ́ ẹ̀ nìyẹn!"

Ọmọ wọn obìnrin kan ló ń bá àwọn òbí náà gbé, aránṣọ ni, yàrá iwájú ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Òun ló ń wẹ Ìyá, òun ló ń wá a kiri tó bá rìn lọ. Gbólóhùn kan péré ni ì bá fi pa Rédíò lẹ́nu mọ́. Kò sọ ọ́. Tó bá ti gbọ́ "àjẹ́", ṣe ló ń tẹrí ba sórí ẹ̀rọ, tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Ẹ má tíì bi mí pé irú ọmọ wo nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, bíríkìlà, ti ibi iṣẹ́ dé. Kò tiẹ̀ jókòó.

"Ẹni tó fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́, kí la tún ń bi í? Láàárọ̀ ọ̀la, mò ń gbé Ìyá lọ sí ahéré oko. Kí wọ́n máa dá gbé ibẹ̀."

"Bùọ̀dá, wọn ò lè dá gbé. Wọn ò mọ ọ̀nà ṣáláńgá mọ́."

"Àjẹ́ tó ń fò ni ò mọ̀nà?"

Abẹ́rẹ́ gún aránṣọ níka.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá yà wá kí wọn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó bá ẹrù Ìyá lẹ́nu ọ̀nà nínú àpò kan, bíríkìlà àti aránṣọ dúró tì í, Rédíò aládùúgbò náà fara ti ògiri. Ìyá gbé abọ́ àgbàdo jáde, ó dà á fún àwọn adìyẹ. "Ẹ wá jẹun, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó wọlé. Kò pẹ́, ó tún gbé abọ́ mìíràn jáde. "Ẹ wá jẹun o, ebi á ti máa pa yín láti àná." Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Àwọn adìyẹ ti yó débi pé wọn ò lè rìn dáadáa. Àwọn ẹyẹ bá bà sílẹ̀, wọ́n ń ṣa ìyókù.

"Ẹ̀ ń wo ìpàdé wọn?" Rédíò pariwo.

Nọ́ọ̀sì di Ìyá lọ́wọ́ mú. "Ìyá, ṣé ẹ ti fáwọn adìyẹ lóúnjẹ lónìí?"

"Rárá o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fún wọn ni."

"Àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe Ìyá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kì í ṣe àjẹ́. Ohun tí wọ́n ti ṣe tán, wọn ò rántí pé àwọn ti ṣe é." Ojú rẹ̀ yí padà lójijì. "Oògùn Bàbá ńkọ́? Ta ló ń fún wọn?"

Rédíò na ọrùn kó lè gbọ́ dáadáa.

Aránṣọ kúnlẹ̀ sáàárín àgbàdo. "Èmi ni. Ojoojúmọ́, èmi ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, aṣọ ilé-ìwé ogójì ló wà nílẹ̀, mi ò sì tíì fojú kan oorun fún ọjọ́ mẹ́ta, torí Ìyá ń rìn kiri. Mo gbé ike oògùn fún Ìyá, mo ní kí wọ́n fún Bàbá ní hóró kan. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbàgbé. Mo mọ̀, mo sì gbé e fún wọn. Ìgbà tí mo fi máa padà wò ó, ike ti ṣófo. Oògùn yẹn ni wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n ní àwọn ló ṣe é. Mo ju ike náà sí ṣáláńgá. Wọ́n ń pe ìyá mi ní àjẹ́ létí mi, mo dákẹ́, torí tí wọ́n bá ti di Ìyá mú, kò sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan."

"Kí ló dé tí o ò pè mí?" Bíríkìlà jágbe.

"Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Bùọ̀dá. Ẹ ní ẹ wà lórí iṣẹ́."

Bíríkìlà wo bàtà rẹ̀ tí sìmẹ́ńtì bò.

"Ẹnì kan ò lè dá ìtọ́jú Ìyá ṣe," ni nọ́ọ̀sì wí fún un. "Ẹ jọ pín in ṣe."

Ìyá tún gbé abọ́ karùn-ún jáde. Bíríkìlà rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín fún wọn." Ìgbà yẹn ni Ìyá rí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń sunkún nílẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu omijé náà.

"Ta ló nà ọ́? Dákẹ́, jàre. Dìde, lọ bi bàbá rẹ lójú fèrèsé bóyá mo ti fún wọn lóògùn."

"Ẹ ti fún wọn, Ìyá," ni aránṣọ wí. "Ẹ ti fún wọn."