Ẹni Tó Kọ́ Mi ní Abẹ Pípọ́n

Oṣù méje ni mo fi kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ lọ́wọ́ Ògúntúndé, n kò sì rí i kí irun hù ní àgbọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí rẹ̀ pẹ̀lú ń dán láràárọ̀. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fá a kí n tó dé, ṣùgbọ́n n kò bá irun nílẹ̀ rí.

Bámgbóyè ni orúkọ mi, ọmọ Adó ni mí. Ìwé kejì ni mo kà dé tí bàbá mi fi kú. Láti ìgbà náà ni mo ti wà lára àwọn tó ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà Ìyìn. Lọ́dún 1934, òkúta yí lu ẹsẹ̀ mi, egungun sì fọ́. Nígbà tó san, n kò lè ru ẹrù mọ́. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè dúró lójú kan ṣe ni mo ń wá kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Ògúntúndé ní Òkè-Ìlá.

Àjèjì ni. Bí àwa bá ní "ulé", òun á ní "ilé". Kò sẹ́ni tó mọ ìlú rẹ̀.

"N ó kọ́ ọ," ó wí fún mi. "Ṣùgbọ́n má dárúkọ mi fún àlejò. Ọjọ́ tí mo bá sì gbé ọwọ́ lé ọ lórí, tí mo ṣàdúrà fún ọ, ni o tó gba òmìnira."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá kò bá dá sílẹ̀, iṣẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó.

Abẹ kan ṣoṣo ló ní, abẹ òyìnbó àtijọ́ tó ń ká sínú èèkù egungun. Egungun náà ti pọ́n bí eyín arúgbó. Ó gbé òkúta odò méjì kalẹ̀, ọ̀kan le lọ́wọ́, èkejì ń jọ̀lọ̀. Ó bu omi sí wọn.

"Tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ," ó wí. "Ẹ̀yìn abẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára òkúta. Ẹnu rẹ̀ ni kó ṣíwájú, bí ìgbà tí o bá ń bó òkúta léèpo."

Lẹ́yìn òkúta ló kan awọ. Awọ màlúù gígùn ni, ó fi òróró pa á, ó so ó mọ́ òpó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí mo ti ṣe lórí òkúta ni mo ṣe lára awọ, abẹ sì ya awọ wọlé. Ògúntúndé kò pariwo. Ó kàn fi ìka kan kan ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, ṣùgbọ́n ìka náà tutù bí ìsàlẹ̀ ìkòkò omi.

"Lára awọ, ẹ̀yìn ni kó ṣíwájú," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òkúta ló ń fún un ní eyín. Awọ ló ń kọ́ ọ ní sùúrù."

Mo kọ́ ọ títí etí mi fi mọ ìró rẹ̀: wíì lórí òkúta, fìì-pà, fìì-pà lára awọ. Irun apá mi la fi ń dán abẹ wò. Nígbà tó yá, apá mi méjèèjì ń dán bí ti ọmọ ọwọ́. Àwọn oníbàárà ń yìn mí. Ògúntúndé nìkan ni kò yìn mí.

"Kò tíì mú tó láti fá irun obìnrin," ni yóò wí.

"Ọ̀gá, obìnrin wo ní Adó ló ń hu irùngbọ̀n?"

Àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Pọ́n ọn," ó wí. "Irun tó ti pẹ́ lórí ni, ó sì rọ̀. Kò gbọdọ̀ dùn ún."

Ní oṣù keje, mo dúró nídìí igbá obìnrin kan tó ń ta aró lọ́jà. Ó wo ojú mi títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fá irùngbọ̀n yín báyìí? Ojú yín ń dán bí àwo tánganran."

Ìyìn náà kó sí mi lórí. "Ọ̀gá mi ni, Ògúntúndé, ní Òkè-Ìlá. Kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ Èkìtì!"

Obìnrin náà dáwọ́ dúró. "Ògúntúndé wo? Ṣé ó ní àpá lẹ́yìn etí ọ̀tún?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Ó bo igbá rẹ̀, ó ní kí n máa lọ níwájú.

Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ìró awọ. Fìì-pà. Fìì-pà. Obìnrin náà yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Ṣìkẹ́." Ìró náà dákẹ́. Nígbà tí mo wọlé, awọ ṣì ń mì lára òpó, abẹ sì wà ní ṣíṣí lórí pẹpẹ. Yàrá kan ṣoṣo ni, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, àwa méjèèjì la sì dúró síbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Obìnrin náà jókòó sórí àpótí oníbàárà.

"Ọkọ mi ni," ó wí. "Àyọ̀kẹ́ ni mò ń jẹ́. Ìkìrun la ti wá. Ọdún kẹta rèé tí a sin ín. Àbúrò rẹ̀ fá orí rẹ̀, ó fá àgbọ̀n rẹ̀, kí a tó wẹ̀ ẹ́. Abẹ yìí ló fi fá a. Ojú mi ni wọ́n ṣe tì í sí i lọ́wọ́ nínú pósí."

"Akúdàáyà," ni mo wí.

"Èmi ni n kò jẹ́ kó lọ. Wọ́n ní opó gbọdọ̀ fárí kí òkú tó lè já ara rẹ̀ gbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi nígbà náà, mo ní onígbàgbọ́ kì í ṣe é. Láti ìgbà náà, bí mo bá dirun lónìí, bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa bá a ní títú, bí ẹni pé ẹnì kan ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó tú gèlè rẹ̀. Irun náà já lé e léjìká. "Fá a."

"Ẹ jọ̀ọ́, n kò tíì gba òmìnira."

"Ta ló kù tí yóò fún ọ? Fá a, èmi ó sì dá ọ sílẹ̀."

Mo rántí àwọn ọmọ mi. Mo gbé abẹ, mo gbá a lára awọ, ẹ̀yìn ṣíwájú. Irun náà bọ́ sílẹ̀ láìsí ìró, ẹ̀jẹ̀ kò sì ta rárá. Nígbà tí mo ṣe tán, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Abẹ di tìrẹ, iṣẹ́ di tìrẹ." Lẹ́yìn náà ló sùn lọ lórí àpótí níbẹ̀, bí ẹni tí kò tíì fojú kan oorun láti ọdún mẹ́ta. Nígbà tó jí, ó di irun rẹ̀ sínú aṣọ, ó sì gbé e lọ sí Ìkìrun.

Ẹ̀bùnọlá ìyàwó mi kò bá mi yọ̀. "Ẹni tí kò dì ọ́," ó wí, "báwo ló ṣe fẹ́ tú ọ?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí ilẹ̀kùn. Tíṣà Akínbọ́lá ló kọ́kọ́ wọlé.

"Bámgbóyè, rọra o. Orí yìí ni gbogbo ọmọ ilé ìwé fi ń ronú!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́. Abẹ ń lọ geere. Ó di ojú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ. Ó yá, ó wí jẹ́jẹ́ pé, "Sọ fún ẹnì kejì rẹ kó má tẹ̀ mí lórí tó bẹ́ẹ̀."

N kò ní ẹnì kejì. Mo wo ọwọ́ mi. Ọ̀tún di abẹ mú, òsì sì fa awọ ẹ̀yìn etí rẹ̀. Lórí àtàrí rẹ̀, níbi tí irun ṣì kù sí, irun náà tẹ̀ wọlẹ̀ lójú márùn-ún, bí ìgbà tí ìka ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ló tó yé mi. Irun opó ni okùn tó so Ògúntúndé mọ́ Àyọ̀kẹ́, èmi fúnra mi ni mo sì gé e. Okùn kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, èyí tó so ó mọ́ èmi ọmọ iṣẹ́ tí kò dá sílẹ̀, kò sì sí alààyè tó lè tú u.

"Ó dára báyìí," ni Tíṣà wí, kò ṣíjú. "Ọwọ́ àgbà ni."

Mo fẹ́ gbé abẹ sílẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀.